Kí Ó Tó Di Òkúǹbete

"Wọ́n ní gbogbo inú rẹ̀ ló ti..."

"Inú ta?"

"Ti màlúù funfun yẹn. Ti ilé... ẹ ṣáà mọ ilé tí mò ń wí, ní Ìlobù lọ́hùn-ún."

"Ó ti ṣe kí ni?"

"Ó ti tú síta, kẹ̀! Wọ́n ní dókítà ẹran fúnra ẹ̀ sọ pé kí wọ́n... àbí alápatà ló sọ ọ́? Ẹni tó sọ fún mi ò tilẹ̀ dúró sọ ọ́ tán."

Hàfúsátù lósòó sẹ́yìn òkìtì èèpo pákí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì rọ èèpo sínú àpò. Wọn kò rí i. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní Ìfọ́n ni, ibi tí ó ti máa ń wá kó oúnjẹ ẹran. Ẹ̀rọ tí ń lọ pákí ń kígbe, àwọn obìnrin jókòó yí ká lórí àpótí, ọ̀bẹ ń lọ lọ́wọ́ wọn, ẹnu náà ń lọ. Kò kọ́kọ́ fetí sí wọn. Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ ni, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi etí jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ "màlúù funfun", ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú èèpo. Màlúù funfun mélòó ni ènìyàn ń sìn sẹ́yìnkùlé ní Ìlobù?

"Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́!" Ìyá Malikah, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, ló kọ́kọ́ rí i. "Ọmọ wọn ló wà níbẹ̀ yẹn."

Gbogbo ọ̀bẹ dúró.

Hàfúsátù kúnlẹ̀ níbi tí ó wà. Ohùn rẹ̀ kì í jáde dáadáa láàárín èrò. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ní ó ṣe é?"

"Hàfú ọmọ mi, kò yẹ kó jẹ́ ẹnu wa lo ti máa gbọ́ ọ." Ìyá Malikah nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Irewọlé ọlọ́kadà ló ń sáré kọjá. Ó ní àwọn ará ilé yín rán òun sí dókítà ẹran. Ó ní dókítà ní pípa ni. Dìde, máa lọ. Fi àpò sílẹ̀, n ó bá ọ tọ́jú ẹ̀."

Kò mọ bí ó ṣe dé etí títì.

Ọ̀nà Ìfọ́n sí Ìlobù kò tó nǹkan. Ìlú méjèèjì ti sún mọ́ra débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀kadà lọ́jọ́ náà, ó ń ṣe Hàfúsátù bí ẹni pé ẹni tó gbé e kò mọ ọ̀nà. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ títì, oko ẹ̀gẹ́, ilé tí wọn kò tíì kùn, obìnrin tó ń sá láfún sórí àpáta, kò sì rí ọ̀kankan nínú wọn. Gbogbo inú rẹ̀ ló ti tú síta. Báwo ni inú màlúù ṣe ń tú síta? Ta ló là á?

Lékèélékèé ni orúkọ màlúù náà, nítorí pé ó funfun bí ẹyẹ tí ń tẹ̀ lé agbo ẹran. Hàmídù, bàbá Hàfúsátù, ló fi í ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ lọ́dún tí ọmọ náà parí Kùránì. Wọ́n ti fẹ́ dúńbú ẹgbọrọ ẹran náà fún wòlímọ̀ rẹ̀. Ó ti wà lókùn, wọ́n ti gbẹ́ kòtò ẹ̀jẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ọmọ, ó wo ẹran, ó ní kí wọ́n lọ wá àgbò. Níwájú gbogbo ẹbí ló ti sọ pé, "Ti Hàfúsátù ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án láìjẹ́ pé ó gbà." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí bàbá kú. Ní ilé tí àwo oúnjẹ pàápàá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, màlúù yìí nìkan ni ohun tí wọ́n ń pè ní ti Hàfúsátù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó lọ Ìfọ́n yìí, oyún Lékèélékèé ti pé, ọmú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ó jẹun, ó sì mu omi. Hàfúsátù rò pé ó di ọ̀la kó tó bí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun kan ti ń gún un lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan. Bí Lékèélékèé bá dùbúlẹ̀, ohun pupa kan a máa yọ lójú ara rẹ̀, bí ìkúùkù ọmọdé. Bí ó bá dìde, a padà wọlé. Ó fẹ́ sọ fún Bàbá Uwais, àbúrò bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ olórí ilé báyìí. Ẹnu wo ni ọmọbìnrin yóò fi sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin? Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ló wá sọ fún. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó ní, "Mú un mọ́ra. Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í kó lọ síwájú ọkùnrin."

Ó sì mú un mọ́ra.

Ẹ̀yìnkùlé ti kún nígbà tí ó dé. Wọ́n yà fún un bí wọ́n ṣe ń yà fún ẹni tó ni òkú, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ já a láyà.

Lékèélékèé wà nílẹ̀. Wọ́n ti yí orí rẹ̀ sí gábàsì. Ojú rẹ̀ là, kò wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ àti koríko, ni ohun náà wà. Hàfúsátù kò mọ orúkọ tí yóò pè é. Ó tóbi tó àpò gàrí tí wọ́n bu dé ìdajì. Ó pupa, ó ń dán, kókó-kókó kún ara rẹ̀ bí èso iṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Inú Lékèélékèé ni ó ti jáde, ó ṣì so mọ́ ọn, bí ẹni pé ẹnìkan ti ọwọ́ bọ inú ẹran náà tí ó sì yí i síta bí a ti ń yí apá aṣọ. Eṣinṣin ti bà á. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ tuntun, abo, funfun bí ìyá rẹ̀, ń gbìyànjú àtidìde, ó ń ṣubú.

Hàfúsátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rò pé òun kígbe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn.

"Ibo lo wà?" Bàbá Uwais gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "A pe fóònù rẹ títí, ìdí ibùsùn rẹ ló ti ń dún!"

"Ìfọ́n ni mo wà, sà. Mo lọ kó èèpo."

"Èèpo! Ẹni tó fẹ́ jẹ èèpo rèé." Ojú rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Alápatà Àbdùlláhì ti ká apá aṣọ sókè. Ó ti ṣe àlùwàlá. Omi ṣì ń kán ní ìgúnpá rẹ̀. Ọ̀bẹ wà nínú abọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìwọ la ń dúró dè," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Gbogbo wọn ní kí n ṣe é, mo ní rárá. Ẹran ẹlẹ́ran ni, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Hàmídù sọ̀rọ̀. Sọ pé o yọ̀ǹda, kí n ṣe Bísímílláhì. Ẹ̀mí rẹ̀ ti ń lọ, ọmọ mi. Bó bá fi kú fúnra rẹ̀, òkúǹbete ni. Mùsùlùmí kankan ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ajá ló máa jẹ ẹ́."

"Dókítà náà ti ní pípa ni," ni Bàbá Uwais wí. "Irewọlé fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Hàfú, jọ̀ọ́. Má jẹ́ ká pàdánù màlúù, ká tún pàdánù ẹran rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń bi í. Mo yọ̀ǹda. Ó la ẹnu. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, ó sì jẹ́ ẹni tí ojú ènìyàn méjì ń dẹ́rù bà.

"Ẹ sún fún mi."

Ìyá Àgbà Màríámọ̀ ni. Ó ń bọ̀ bí ó ti máa ń rìn, ẹsẹ̀ méjèèjì ya síra díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni gbé ohun tó kún. Orúnkún ni, ohun tí gbogbo ilé máa ń sọ nìyẹn. Ó dé ẹ̀yìn Lékèélékèé, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ohun tí Hàfúsátù rí lójú rẹ̀ kì í ṣe ìyàlẹ́nu. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pàdé ẹni tó mọ̀ ní ìlú tí kò ti retí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bọ́ síwájú ilé," ni ó wí.

"Ìyá, bó bá kú ńkọ́?"

"Bó bá kú, èmi ni mo pa á. Ibi tí abo ti ń bímọ kì í ṣe ojú agbo. Jàlálù, kó wọn lọ."

Kò sí ẹlòmíràn tó ń pe Bàbá Uwais ní Jàlálù mọ́. Ìyàwó kejì bàbá òun àti Hàmídù ló bí i, ìyẹn tó ń ná ọjà láti ìlú dé ìlú títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni ó dàgbà sí. Ó kùn sínú, ó sì kó wọn lọ. Alápatà Àbdùlláhì gbé abọ́ ọ̀bẹ rẹ̀ lọ́wọ́. "N ò lọ jìnnà o," ó wí. "Bó bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ké sí mi."

Ìgbà tí ó ku àwọn méjèèjì ni Ìyá Àgbà fa aṣọ kan yọ lábẹ́ apá. Aṣọ funfun, titun, ìlà kíká rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Ìyá! Aṣọ yín tí ẹ ní kí a fi..." Hàfúsátù kò lè parí rẹ̀. Aṣọ tí ìyá náà rà pamọ́ de ọjọ́ tí wọn yóò sin ín ni.

"Aṣọ ni. Òkú á rí òmíràn. Di etí rẹ̀ mú."

Ó kúnlẹ̀. Hàfúsátù kò tíì rí i kí ó kúnlẹ̀ rí, àní fún ọba. Wọ́n bu omi tútù, wọ́n fi ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ohun náà, wọ́n sì rọra tẹ́ aṣọ sí i nísàlẹ̀, wọ́n fi gbé e kúrò nílẹ̀, Ìyá Àgbà ní apá kan, Hàfúsátù ní apá kejì. Ó gbóná. Ó ń lù kìkì lábẹ́ aṣọ. Lékèélékèé mí kanlẹ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Ṣé o rí i?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ìwúwo rẹ̀ ni. Wọ́n máa ń rò pé ríro ni. Kì í ro tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fà ọ́ wálẹ̀ ni, bí ẹni so korobá omi mọ́ ọ nídìí. Bí ẹnìkan bá sì bá ọ gbé e díẹ̀, ara á tù ọ́."

Hàfúsátù ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá gbọ́ ọ yé.

"Ìyá, ẹ ṣe mọ̀?"

Ìyá Àgbà kò wò ó. Ọwọ́ kan ni ó fi di aṣọ mú. Ó fi èkejì tú etí ìró òkè, ó ṣí ti abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ọ̀já wà níbẹ̀. Ọ̀já tí wọ́n fi ń pọnmọ, ògbólógbòó, tí ó ti fẹ́lẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà, tí ó gba àárín itan kọjá, tí ó sì gòkè lọ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ le pinpin. Ó tún ìró bò ó.

"Ọjọ́ tí mo bí bàbá rẹ ni. Ibi ọmọ kò tètè bọ́, wọ́n bá fà á. Ohun tó tẹ̀ lé e jáde nìyí." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ohun tó wà nínú aṣọ. "Wọ́n tì í padà. Kò dúró. Látìgbà náà, èmi ni mò ń gbé e."

"Látìgbà tí ẹ ti bí bàbá mi?"

"Látìgbà náà."

"Ẹ ò lọ ọsibítù?"

"Kí n lọ ṣí i fún ta ni?"

Ẹ̀jẹ̀ ló ń bẹ nínú kí ènìyàn tó tutọ́ funfun. Hàfúsátù ti gbọ́ òwe náà lẹ́nu obìnrin yìí ní àìmọye ìgbà, ó sì rò pé òun mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àpótí tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó lé kírun, tí kì í fi orí kanlẹ̀: wọ́n ní orúnkún ni. Ọ̀kadà tí kì í gùn: wọ́n ní ẹ̀rù ni. Ìró méjì nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, kànáfúrù tó ń rùn lára aṣọ rẹ̀, bí ó ti máa ń dìde kúrò láàárín èrò láìsọ ibi tí ó ń lọ. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Aya Ìlobù tí kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Bàbá Hàfúsátù gan-an kú láìmọ̀ pé ìbí òun ló fà á. Apá ń ro Hàfúsátù, aṣọ ti rin gbingbin, kò sì jẹ́ gbé e kalẹ̀.

"Má sunkún sí i lórí," ni Ìyá Àgbà wí. "Iyọ̀ inú omijé kò tó ohun tí a ó fi wẹ̀ ẹ́."

Báyìí ni Dókítà Fọlá ṣe bá wọn. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, bàtà òjò dé orúnkún rẹ̀, Irewọlé sì ń gbé àpótí oògùn tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin náà rọ́ wọlé padà lẹ́yìn wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú. Ta ló kọ́ yín kí ẹ gbé e báyìí?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Dókítà," ni Bàbá Uwais wí. "A ò mọ̀ pé ẹ ṣì ń bọ̀. Nígbà tí ẹ ti ní pípa ni."

"Èmi?" Ó yíjú sí Irewọlé.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́?" Irewọlé gbé àpótí náà sáyà bí asà. "Ẹ ní pípa ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀."

"Mo ní ìgbà mìíràn, pípa ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n dúró dè mí, kí wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀. O ti tan ọ̀kadà kí n tó sọ ọ́ dé àárín."

"Mo ń sáré ni, Dókítà."

"O sáré lóòótọ́. Díẹ̀ ló kù kí o sáré pa á."

Alápatà Àbdùlláhì rọra ti abọ́ ọ̀bẹ rẹ̀ sẹ́yìn ẹsẹ̀.

Dókítà gún Lékèélékèé lábẹ́rẹ́ ní ìdí ìrù kí ó má baà máa rọbí mọ́. Ó yọ ìyókù ibi ọmọ kúrò lára kókó wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń já ewé lára ìtàkùn. Ó fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ṣúgà, ó sì da odindi àpò kan sí i lórí.

"Dókítà," ni Bàbá Uwais wí, "ṣé ká gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá pẹ̀lú ẹ̀ ni?"

"Ṣúgà á fa omi wíwú náà jáde, kí ó lè kéré. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ wá bá mi gbé ìdí rẹ̀ sókè."

Wọ́n fi àpò iyanrìn gbé ìdí ẹran náà ga. Ohun náà ń súnkì lójú wọn. Dókítà fi ìkúùkù tì í, kò fi ìka tì í. Ó ń tì í díẹ̀, ó ń sinmi, ó ń tì í. Òógùn bò ó. Lójijì, ohun náà gbà. Ó wọlé pátá bí ìgbín tó wọ ìkarahun, apá dókítà sì tẹ̀ lé e wọlé dé èjìká. Ẹnìkan kígbe "Súbúhànálláhì!" Hàfúsátù kò wo ibẹ̀. Ìyá Àgbà ni ó ń wò. Ìyá Àgbà dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó wò ó.

Ìgbà tí dókítà rán ojú ara ẹran náà tán, Lékèélékèé dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, ó sì dúró. Ọmọ rẹ̀ wá a kiri títí ó fi rí ọmú.

"Yóò yè, bí Ọlọ́run bá fẹ́," ni Dókítà Fọlá wí, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ohun tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Bó bá tún lóyún, ó lè tún yọ, n ò sì lè ṣèlérí pé a ó tètè dé bá a lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí akọ gùn ún mọ́. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fà á fún alápatà bí ọmọ bá ti já ọmú. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi í sílẹ̀. Ta ló ni ín?"

Gbogbo wọn wo Hàfúsátù. Hàfúsátù wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ní ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, nígbà tí adúgbò ti túká tí dókítà sì ti padà sí Ìfọ́n. Bàbá Uwais jókòó lórí ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Alápatà Àbdùlláhì fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá Àgbà wà lórí àpótí rẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ń fọ aṣọ funfun náà nínú abọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀.

"Hàfú," ni Bàbá Uwais wí, "n ò níí fi ipá mú ọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà. Àmọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Màlúù tí kò níí bí mọ́, kí ló fẹ́ máa jẹ koríko fún? Ṣé ó máa bá wa dìbò ni?"

Alápatà rẹ́rìn-ín. "Kó já ọmọ lẹ́nu ọmú ná. Mo lè dúró. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dàgbà jù, eegun rẹ̀ á le."

"Òun náà ti rí ìyà," ni Bàbá Uwais tún wí. "Bó bá tún yọ ní ọjọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé ńkọ́? Kó kú sínú ẹrẹ̀? Ọ̀bẹ tó mú sàn ju ìyẹn lọ."

Òótọ́ wà níbẹ̀. Hàfúsátù mọ̀ ọ́n. Ó wo Lékèélékèé tó ń lá ọmọ rẹ̀, okùn tí dókítà fi rán an funfun báláú lábẹ́ ìrù. Kò fẹ́ kí ó kú. Ìyẹn nìkan ni gbogbo ẹjọ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń gbé síwájú àwọn ọkùnrin. Wọ́n á ní ọmọdé ni. Ó ní láti wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè gbà. Ó wá a. Ó rí i. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi jáde ketekete, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ jẹ́ kó wà, sà. Kò níí bí mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmú rẹ̀ ṣì dára. A lè bá ọmọ rẹ̀ wá ẹlẹgbẹ́. Ọmọ tí màlúù mìíràn bá bí, ó lè máa tọ́ ọ. Ó ṣì wúlò."

Bàbá Uwais rò ó. Ó wo alápatà. Ó fi ọwọ́ lu itan. "Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tí kì í sọ̀rọ̀! Lọ́yà ló wà nínú ilé yìí tí a ò mọ̀!"

"Ọgbọ́n ni," ni Alápatà Àbdùlláhì wí. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó wé e sínú àkísà. "Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín wà lẹ́nu Hàfúsátù nígbà tí ó yíjú sí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sínú abọ́, omi pupa náà sì ń rọ́ díẹ̀díẹ̀ yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká.

"Bí o bá fẹ́ fi í sílẹ̀," ni ó wí, "fi í sílẹ̀. Má wá iṣẹ́ fún un."

Kò yé ẹnikẹ́ni. Bàbá Uwais rò pé ó ti rẹ ìyá náà ni. Ó fẹ́ mú inú ìyá tó tọ́ ọ dùn, nítorí pé gbogbo nǹkan ti parí sí rere, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí gbogbo ilé fẹ́ràn.

"Àbí ẹ ò rí i, Ìyá, ó jọ bàbá wa ni! Ọmọ ọmọ wọn ni lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí kó ara wọn jọ, tí wọ́n ní Màríámọ̀ ò bí mọ́, kí wọ́n dá a padà sílé bàbá ẹ̀, ṣebí bàbá wa ló dìde láàárín wọn. Bàbá ní, 'Màríámọ̀ ò lọ ibì kankan.' Ìyẹn nìkan! Gbogbo agbo pa lọ́lọ́. Ìfẹ́ nìyẹn. Gbogbo Ìlobù ló mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà," ni Alápatà wí.

Ìyá Àgbà gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Kò parí síbẹ̀."

"Kí ni kò parí?"

"Ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì ni wọ́n ń gbé kiri. O ò sí níbẹ̀, Jàlálù. Ìyá rẹ ò tíì wọlé. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé Hàmídù dání, ọ̀já yìí kan náà ni mo fi so ìdí." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "N ò sọ ọ́ rí."

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Bàbá Uwais. Ó ń wo ìyá náà, ó ń wo ìdí tí ó wí pé òun so, ó ń gbìyànjú láti ṣírò ohun tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Hàfúsátù ní tirẹ̀ ti dìde dúró láìmọ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ó ń padà bọ̀ wá bá a láti ọ̀nà jíjìn, ó sì fẹ́ bẹ Ìyá Àgbà pé kí ó má sọ ọ́.

"Kí ni bàbá wa wí gan-an, Ìyá?" ni Bàbá Uwais béèrè jẹ́jẹ́.

Ìyá Àgbà di ojú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka súrà, kò fi kún un, kò yọ kúrò.

"Ó ní, 'Màríámọ̀ ò lọ ibì kankan. Kò níí bí mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dára. Ọmọ tí ìyàwó mìíràn bá bí, ó lè máa pọ̀n ọ́n. Ó ṣì wúlò.'"